Orúkọ Ènìyàn, Orúkọ Ìlú: Ìtumọ̀ Tó Fara Pamọ́ Sínú Orúkọ Gẹ̀ẹ́sì àti ti Kẹ́ltì

Ìfáàrà

Yorùbá bọ̀, wọ́n ní ilé là ń wò kí a tó sọ ọmọ lórúkọ. Òwe yìí ti mọ́ wa lára débi pé, nígbà tí a bá gbọ́ orúkọ bí i Washington, Shirley tàbí Douglas, ohun tí ọ̀pọ̀ nínú wa máa ń sọ ni pé orúkọ òyìnbó kò nítumọ̀, pé ìró lásán ni wọ́n fi ń pe ara wọn. Èrò yìí kò tọ̀nà. Orúkọ àwọn Gẹ̀ẹ́sì àti ti àwọn ẹ̀yà Kẹ́ltì tí wọ́n jẹ́ aládùúgbò wọn ní ìtumọ̀. Ohun tó ṣẹlẹ̀ ni pé èdè tí a fi sọ wọ́n ti yí padà tàbí kí ó ti kú, ìtumọ̀ wá fara pamọ́ fún àwọn tó ń jẹ́ orúkọ náà gan-an. Nígbà púpọ̀, orúkọ ìlú, odò àti òkè tó bá orúkọ ènìyàn dọ́gba ni a ti lè rí ìtumọ̀ náà padà.

Nínú àpilẹ̀kọ yìí, a ó ṣe àgbéyẹ̀wò ọ̀nà mẹ́ta tí orúkọ ènìyàn àti orúkọ ibùgbé fi ń pàdé ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, Wales, Skọ́tíláǹdì àti Áyálándì: ènìyàn tí orúkọ rẹ̀ di ti ìlú, ìlú tí orúkọ rẹ̀ di ti ìdílé, àti orúkọ tó ń lọ tó ń bọ̀ láàárín méjèèjì. Lẹ́yìn náà, a ó wo ohun tí èyí kọ́ àwa tí a ń sọ Yorùbá, nítorí pé ohun tó bo ìtumọ̀ orúkọ wọn mọ́ wọn lójú lè bo tiwa náà.

Àwọn èdè tó wà nídìí orúkọ wọ̀nyí

Kí àwọn Gẹ̀ẹ́sì tó dé erékùṣù Britain, àwọn ẹ̀yà tí ń sọ èdè Kẹ́ltì ti wà níbẹ̀. Ẹ̀ka méjì ni àwọn onímọ̀ ẹ̀dá-èdè pín èdè wọn sí. Ẹ̀ka kan ló bí èdè Wales, ti Cornwall àti ti Brittany ní ilẹ̀ Faransé. Ẹ̀ka kejì ló bí èdè Áyálándì, Gaelic ti Skọ́tíláǹdì àti èdè erékùṣù Man. Àwọn ará Róòmù ṣàkóso apá tó pọ̀ jù nínú Britain láti ọdún 43 títí di nǹkan bí ọdún 410. Láti ọ̀rúndún karùn-ún ni àwọn Angle àti Saxon ti ń wọ̀lú láti agbègbè tí Jámánì àti Denmark wà lónìí. Èdè wọn ni a ń pè ní Gẹ̀ẹ́sì Àtijọ́. Àwọn ará Scandinavia tẹ̀lé wọn ní òpin ọ̀rúndún kẹjọ, àwọn ará Normandy sì ṣẹ́gun ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní ọdún 1066.

Gbogbo àwọn tó dé yìí ló fi orúkọ sílẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá dé bá odò ńlá kì í sábà yí orúkọ rẹ̀ padà. Yóò béèrè lọ́wọ́ onílé, yóò sì máa fi ohun tó gbọ́ pè é. Ìdí nìyí tí ọ̀pọ̀ odò ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì fi ń jẹ́ orúkọ Kẹ́ltì títí di òní, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ó ti tó ọgọ́rọ̀ọ̀rún ọdún tí a kò ti sọ èdè Kẹ́ltì létí àwọn odò náà mọ́. Odò tó ń jẹ́ Avon ju ẹyọ kan lọ ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Nínú èdè Wales, afon túmọ̀ sí odò. Nítorí náà, ẹni tó bá ní òun ń lọ sí Odò Avon, “Odò Odò” ló ń wí. Dover, ìlú èbúté tó kọjú sí ilẹ̀ Faransé, wá láti inú ọ̀rọ̀ Kẹ́ltì tó túmọ̀ sí omi. Òkè kan sì wà ní Lancashire tó ń jẹ́ Pendle Hill. Pen túmọ̀ sí orí tàbí òkè nínú èdè Kẹ́ltì. Àwọn Gẹ̀ẹ́sì tí kò mọ ìtumọ̀ rẹ̀ fi ọ̀rọ̀ tiwọn fún òkè kún un. Nígbà tí ọ̀rọ̀ méjèèjì súnkì di Pendle, tí ìtumọ̀ tún fara pamọ́, wọ́n tún fi Hill sí i lẹ́yìn. “Òkè Òkè Òkè” ni wọ́n ń pè é láìfura.

Ènìyàn tó di ìlú

Orúkọ Gẹ̀ẹ́sì Àtijọ́ jọ ti Yorùbá ju bí a ti rò lọ. Gẹ́gẹ́ bí a ti ń fi Adé, Ọlá tàbí Akin bẹ̀rẹ̀ orúkọ, kí a tó so ọ̀rọ̀ mìíràn mọ́ ọn, bẹ́ẹ̀ ni àwọn náà ń so ọ̀rọ̀ méjì pọ̀. Edward jẹ́ àkànpọ̀ ọ̀rọ̀ tó dúró fún ọlà àti èyí tó dúró fún olùṣọ́. Alfred jẹ́ àkànpọ̀ ọ̀rọ̀ tó dúró fún iwin àti èyí tó dúró fún ìmọ̀ràn. Nígbà tí ẹni tó ń jẹ́ irú orúkọ bẹ́ẹ̀ bá dá oko sílẹ̀, tàbí tí ilẹ̀ bá di tirẹ̀, àwọn ènìyàn a so ọ̀rọ̀ tó tọ́ka sí ibùgbé mọ́ orúkọ rẹ̀. Àwọn ọ̀rọ̀ ibùgbé wọ̀nyí ló dà bí àfòmọ́ ìparí lónìí. Àwọn tó wọ́pọ̀ jù lára wọn nìyí:

• -ton: oko tàbí abà tí a sọgbà yí ká, tó wá di abúlé lẹ́yìn-ọ̀-rẹyìn.
• -ham: ilé, ibùgbé.
• -ley: ààyè tí a ṣán láàárín igbó.
• -ford: ibi tí odò kò ti jìn, tí a lè fi ẹsẹ̀ là á kọjá.

Pẹ̀lú àwọn ọ̀rọ̀ yìí lọ́wọ́, orúkọ bẹ̀rẹ̀ sí í ṣí. Washington, ìlú kan ní ìlà-oòrùn àríwá ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, jẹ́ abà tó so mọ́ ọkùnrin kan tó ń jẹ́ Hwæssa. Ní ti Kimberley, abúlé kan ní Norfolk, àwọn onímọ̀ gbà pé ó ṣeé ṣe kí ó jẹ́ ààyè inú igbó tí obìnrin kan tó ń jẹ́ Cyneburg ni. A kò mọ ohun mìíràn nípa Hwæssa tàbí Cyneburg. Orúkọ wọn nìkan ló ṣẹ́kù, inú orúkọ ìlú ló sì ṣẹ́kù sí.

Àwọn Kẹ́ltì náà ń fi orúkọ ènìyàn sọ ibùgbé, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ ibùgbé ni wọ́n sábà máa ń fi ṣáájú. Kil nínú orúkọ Gaelic àti ti Áyálándì sábà máa ń tọ́ka sí ilé ìjọsìn, Llan sì ni ti Wales. Nítorí náà, Kilpatrick ni ilé ìjọsìn Patrick, Llanddewi sì ni ilé ìjọsìn Dewi, ẹni tí Gẹ̀ẹ́sì ń pè ní David. Bákan náà, Aber àti Inver tọ́ka sí ẹnu odò: Inverness ni ẹnu odò Ness. Onímọ̀ èdè Yorùbá yóò rí i pé ìlànà Kẹ́ltì yìí bá tiwa mu, nítorí pé àwa náà ń fi orí ọ̀rọ̀ ṣáájú ẹ̀yán rẹ̀: Ilé-Ifẹ̀, Òkè-Odò, Ìdí-Ìrókò. Gẹ̀ẹ́sì ló ń fi orí ọ̀rọ̀ sẹ́yìn. Tí a bá fẹ́ mọ ibi tí ìtumọ̀ orúkọ kan ti bẹ̀rẹ̀, ó yẹ kí a kọ́kọ́ mọ èdè tó bí i, kí a lè mọ̀ bóyá ìbẹ̀rẹ̀ ni kí a ti wo ọ̀rọ̀ ibùgbé ni àbí ìparí.

Ìlú tó di ènìyàn

Ní ayé àtijọ́, ẹni kọ̀ọ̀kan ní orúkọ kan ṣoṣo, kò sì sí orúkọ ìdílé. Lẹ́yìn ìṣẹ́gun ọdún 1066, nígbà tí ìjọba ń kọ orúkọ onílẹ̀ àti asánwó-orí sílẹ̀, tí àwọn tó ń jẹ́ John tàbí William sì pọ̀ bí eṣú, ó di dandan kí a fi nǹkan kan dá wọn mọ̀ yàtọ̀. Ìlú tí ènìyàn ti wá tàbí ilẹ̀ tó ní di ohun ìdámọ̀. William tó wá láti Lincoln di William ti Lincoln; nígbà tó yá, “ti” bọ́ sọnù, Lincoln sì di orúkọ àwọn ọmọ rẹ̀, bí wọn kò tilẹ̀ dé Lincoln rí.

Bẹ́ẹ̀ ni Preston, abúlé àwọn àlùfáà, ṣe di orúkọ ìdílé, àti Bradford, ibi fífẹ̀ tí a ti ń la odò kọjá. Ní Skọ́tíláǹdì, Murray wá láti inú Moray, agbègbè tí orúkọ rẹ̀ túmọ̀ sí ibùgbé etí òkun. Ìtumọ̀ yìí yóò rán olùkàwé létí Ìbàdàn, ìlú ẹ̀bá ọ̀dàn. Douglas jẹ́ ọ̀rọ̀ Gaelic méjì tó túmọ̀ sí omi dúdú. Odò kan ní gúúsù Skọ́tíláǹdì ló kọ́kọ́ jẹ́ ẹ, lẹ́yìn náà ibùgbé tó wà létí odò náà, lẹ́yìn náà ìdílé ìjòyè tó ni ilẹ̀ ibẹ̀, kí ó tó wá di orúkọ tí ẹnikẹ́ni lè fi sọ ọmọkùnrin.

Àwọn orúkọ kan tilẹ̀ rìn jìnnà ju bẹ́ẹ̀ lọ. Shirley jẹ́ ààyè tó mọ́lẹ̀ láàárín igbó. Ó di orúkọ ìdílé. Àwọn ọkùnrin kan sì ń fi ṣe orúkọ àkọ́kọ́. Ní ọdún 1849, Charlotte Brontë gbé ìtàn-àròsọ kan jáde tó pè ní Shirley, nínú èyí tí àwọn òbí kan ti fi orúkọ tó yẹ ọmọkùnrin sọ ọmọbìnrin wọn. Láti ìgbà náà ni orúkọ yìí ti di ti obìnrin. Ashley, ààyè tí irú igi kan tí wọ́n ń pè ní ash wà, ti tọ irú ọ̀nà bẹ́ẹ̀ ní ọ̀rúndún ogún.

Ó yẹ kí a fi ìkìlọ̀ kan sí i. Kì í ṣe gbogbo ẹni tó ń jẹ́ orúkọ ìlú kan ló wá láti ìlú náà. Preston pọ̀ ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Sutton, abà ìhà gúúsù, àti Norton, abà ìhà àríwá, pọ̀ gan-an gẹ́gẹ́ bí Òkè-Odò àti Ìdí-Ìrókò ti pọ̀ ní ilẹ̀ Yorùbá. Ìlú Douglas tó jẹ́ olú-ìlú erékùṣù Man kò gba orúkọ rẹ̀ lọ́wọ́ ìdílé Douglas ti Skọ́tíláǹdì. Irú ọ̀rọ̀ kan náà ni àwọn ènìyàn fi sọ omi dúdú níbi méjèèjì.

Bẹ́ẹ̀ sì ni ọ̀pọ̀ orúkọ ìdílé Kẹ́ltì kò ní í ṣe pẹ̀lú ìlú rárá. Mac túmọ̀ sí ọmọ, Ó sì túmọ̀ sí ọmọ-ọmọ tàbí àrọ́mọdọ́mọ. Ní Wales, ap ni wọ́n ń lò fún ọmọ, ó sì ti lẹ̀ mọ́ orúkọ bàbá débi pé ojú kò tètè rí i mọ́: ap Rhys di Price, ap Hywel di Powell, ap Owen di Bowen. Ìpàrójẹ fáwẹ̀lì tí a mọ̀ nínú orúkọ tiwa náà ló ṣẹlẹ̀ níbẹ̀. Campbell, tí ìró rẹ̀ lè mú kí a rò pé orúkọ ibùgbé ni, jẹ́ orúkọ ìnagijẹ tó túmọ̀ sí ẹlẹ́nu wíwọ́.

Orúkọ tó ń lọ tó ń bọ̀

Ibi tí ọ̀rọ̀ yìí ti dùn jù ni ti orúkọ tó ti ara ènìyàn bọ́ sí ìlú, tó sì tún padà. Ẹ jẹ́ kí a tẹ̀lé mẹ́ta.

Èkíní ni Washington. Hwæssa fi orúkọ rẹ̀ sílẹ̀ fún abà rẹ̀. Ní ọ̀rúndún kejìlá, ìjòyè kan tí ilẹ̀ náà di tirẹ̀ mú orúkọ ibẹ̀. Ìran rẹ̀ ni a ti bí George Washington, ààrẹ àkọ́kọ́ orílẹ̀-èdè Amẹ́ríkà. Ní ọdún 1791 ni wọ́n fi orúkọ rẹ̀ sọ olú-ìlú wọn. Ènìyàn, ìlú, ènìyàn, ìlú: orúkọ abúléko kan tí ayé ti gbàgbé wà lẹ́nu gbogbo ayé.

Èkejì ni Lincoln. Lind- jẹ́ ọ̀rọ̀ Kẹ́ltì fún ọ̀gbun omi tàbí adágún. -Coln ni ìyókù ọ̀rọ̀ Látìn tí àwọn ará Róòmù ń lò fún ìlú tí wọ́n fi àwọn jagunjagun wọn tó ti fẹ̀yìn tì dó. Ìlú di orúkọ ìdílé. Ẹnìkan nínú irú ìdílé bẹ́ẹ̀ ṣí lọ sí Amẹ́ríkà ní ọdún 1637, ìran rẹ̀ sì ni Abraham Lincoln. Ní ọdún 1867, wọ́n fi orúkọ rẹ̀ sọ olú-ìlú ìpínlẹ̀ Nebraska.

Ẹ̀kẹta ni Kimberley. Láti ara obìnrin àtijọ́ yẹn ni orúkọ ti bọ́ sí abúlé ní Norfolk. Abúlé náà ni ìjòyè Gẹ̀ẹ́sì kan mú fi ṣe oyè rẹ̀. Nígbà tí ìjòyè yìí ń mójú tó àwọn ilẹ̀ tí Gẹ̀ẹ́sì ń ṣàkóso lókè òkun, ní ọdún 1873, wọ́n fi oyè rẹ̀ sọ ìlú tí wọ́n ti ń wa dáyámọ́ńdì ní Gúúsù Áfíríkà. Lẹ́yìn náà ni àwọn òbí bẹ̀rẹ̀ sí í fi sọ ọmọ wọn, ó sì ti di orúkọ ọmọbìnrin. Orúkọ náà ti padà sí ara obìnrin lẹ́yìn ẹgbẹ̀rún ọdún ó lé, láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni pinnu rẹ̀ bẹ́ẹ̀.

Nígbà tí orúkọ wọn kan tiwa

Irú ìrìn-àjò yìí kan ilẹ̀ wa náà. Ní ọdún 1913, Lugard fi orúkọ Lewis Harcourt, mínísítà ìjọba Gẹ̀ẹ́sì fún àwọn ilẹ̀ tí wọ́n ń ṣàkóso, sọ èbúté tuntun tí wọ́n ń kọ́ sórí ilẹ̀ àwọn Ikwerre ti Diobu. Harcourt fúnra rẹ̀ jẹ́ orúkọ ìlú kan ní Normandy. Ìdílé tó mú un wá sí ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ti kọ́kọ́ fi kún orúkọ abúlé kan ní Oxfordshire, tó di Stanton Harcourt. Báyìí ni orúkọ abúlé Faransé kan ṣe gba ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì kọjá, tó sì wá di Port Harcourt. Àwọn tó ni ilẹ̀ náà ti ní orúkọ tiwọn fún ibẹ̀ kí èyí tó dé. Ìsọlórúkọ kì í ṣe eré. Ẹni tó ní agbára ló sábà máa ń sọ ìlú lórúkọ sínú ìwé.

Bí a ti ń fi orúkọ sọ ilẹ̀ ni a ń fi sọ ènìyàn. Àjàyí, ọmọ Ọ̀ṣóògùn tí wọ́n mú lẹ́rú ní ọdún 1821, tí wọ́n sì gbà sílẹ̀ ní ọdún tó tẹ̀lé e, gba orúkọ Samuel Crowther nígbà ìrìbọmi rẹ̀ ní ọdún 1825. Orúkọ àlùfáà kan ní London ni. Àjàyí nítumọ̀ lójú gbogbo wa: ọmọ tó dojú délẹ̀ nígbà tí a bí i. Ǹjẹ́ Crowther nítumọ̀? Ó ní. Crwth ni orúkọ ohun èlò orin olókùn kan tí wọ́n ń fi ọrun ta ní Wales láyé àtijọ́. Ẹni tó ń ta á ni wọ́n ń pè ní Crowther. Tí a bá wá èyí tó sún mọ́ ọn jù nínú ohun èlò orin tiwa, gòjé ni. Bíṣọ́ọ̀bù tó ṣe iṣẹ́ ńlá lórí ìtumọ̀ Bíbélì sí èdè Yorùbá jẹ́, ní ìtumọ̀ orúkọ, Àjàyí Onígòjé. Herbert Macaulay, ọmọ tí ọmọbìnrin rẹ̀ bí, ń jẹ́ orúkọ Gaelic tó túmọ̀ sí ọmọ Olaf, Olaf sì jẹ́ orúkọ Scandinavia.

Ní Amẹ́ríkà, Frederick Bailey sá kúrò lóko ẹrú ní ọdún 1838, ó sì nílò orúkọ tuntun kí àwọn tó ń wá a má baà rí i. Ọ̀rẹ́ tó gbà á sílé mú Douglas fún un láti inú ewì kan tí Walter Scott kọ nípa Skọ́tíláǹdì. Ó fi lẹ́tà kan kún un, ó di Douglass. Orúkọ omi dúdú Skọ́tíláǹdì wá di orúkọ tí a mọ̀ mọ́ ìjà fún òmìnira àwọn aláwọ̀ dúdú.

Ìṣọ́ra fún olùwádìí

Ìró tó jọra máa ń tan ènìyàn jẹ. Àwọn kan ti rò pé ọba kan tó ń jẹ́ Edwin, tó kú ní ọdún 633, ló fi orúkọ rẹ̀ sọ Edinburgh. Ṣùgbọ́n Eidyn, orúkọ Kẹ́ltì ibẹ̀, kò ti ọ̀dọ̀ ọba náà wá. York jẹ́ àpẹẹrẹ mìíràn. Orúkọ Kẹ́ltì rẹ̀ ni àwọn ará Róòmù kọ sílẹ̀ ní Eboracum. Nígbà tí àwọn Gẹ̀ẹ́sì gbọ́ ọ, ó dún létí wọn bí ọ̀rọ̀ tiwọn fún ìmàdò, wọ́n sì sọ ọ́ di Eoforwic. Àwọn ará Scandinavia sọ ọ́ di Jórvík, ó súnkì di York. Ní ọdún 1664, a fi oyè ọmọ ọba tó ń jẹ Duke ti York sọ New York. Ẹni tó bá fi ìmàdò túmọ̀ orúkọ náà kò purọ́ nípa ohun tí àwọn Gẹ̀ẹ́sì gbọ́, ṣùgbọ́n kò tíì dé ìdí ọ̀rọ̀. Ìdí nìyí tí àwọn onímọ̀ fi ń wá ọ̀nà tí wọ́n gbà kọ orúkọ náà sílẹ̀ nínú ìwé tó pẹ́ jù kí wọ́n tó sọ ìtumọ̀ rẹ̀.

Ẹ̀kọ́ tó wà níbẹ̀ fún wa

Ohun méjì ló bo ìtumọ̀ orúkọ Gẹ̀ẹ́sì àti Kẹ́ltì mọ́lẹ̀: èdè tí a kò sọ mọ́, àti àkọsílẹ̀ tí kò tẹ̀lé ìró. Méjèèjì wà lẹ́nu ọ̀nà wa. Ẹni tó bá kọ “Owo” láìsí àmì kankan kò jẹ́ kí a mọ̀ bóyá Ọ̀wọ̀ ló ń wí, ìlú tó ń jẹ́ ọ̀rọ̀ àpọ́nlé, tàbí owó, ọwọ́, tàbí ọwọ̀ tí a fi ń gbálẹ̀. Ẹni tó bá kọ “Ila” kò jẹ́ kí a mọ̀ bóyá Ìlá Ọ̀ràngún ni, tàbí ilá ọbẹ̀, tàbí ilà ojú. Lónìí, etí wa ṣì ń tún un ṣe. Ọmọ tí kò gbọ́ Yorùbá, tí a bí sí London tàbí Houston, kò ní etí náà. Bí a ti kọ orúkọ rẹ̀ sí ìwé ìrìnnà ni yóò máa pè é, ìtumọ̀ yóò sì máa lọ díẹ̀díẹ̀ bí ti Pendle.

Ṣùgbọ́n orúkọ tún lè ṣe ìdàkejì. Ní ọdún 1970, àwọn aláwọ̀ dúdú kan ní South Carolina tẹ abúlé kan dó, wọ́n sì pè é ní Ọ̀yọ́túnjí. Wọn kò kàn gbé orúkọ ìlú lọ sókè òkun bí àwọn Gẹ̀ẹ́sì ti gbé York. Wọ́n fi ìhun orúkọ ènìyàn sọ ọ́, bí a ti ń sọ Babátúndé: Ọ̀yọ́ tún jí. Gbólóhùn odidi ni, ó sì ṣì ń sọ̀rọ̀. Odò tó bá gbàgbé orísun rẹ̀ yóò gbẹ, ṣùgbọ́n orúkọ tó gbàgbé tirẹ̀ kì í gbẹ. Yóò máa ṣàn lọ láìní ìtumọ̀ lẹ́nu àwọn tó ń pè é. Àmì ohùn tí a fi sórí orúkọ, àti ìtàn orúkọ náà tí a sọ fún ọmọ tó ń jẹ́ ẹ, ni kò ní jẹ́ kí tiwa dà bẹ́ẹ̀.